Ìyàwó Tí Kì Í Sún Mọ́ Sítóòfù

Ọjọ́ tí Rasheedah àti Abdulqoyyum kọ́kọ́ pàdé, orí ni Rasheedah fi gbá a láyà. Ó ń sáré jáde nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní àdúgbò Sunridge lókè òkun, láàárín òpó méjì tó máa ń pariwo bí ẹnì kan bá jí ọjà gbé. Kọfí ọwọ́ Abdulqoyyum dà sára jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀.

"Sorry sir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ jí nǹkan gbé báyìí?"

Rasheedah bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó sí Abdulqoyyum lórí.

Kí snow ọdún náà tó yọ́ tán, ọ̀rọ̀ wọn ti di ti ìgbéyàwó. Ni Abdulqoyyum bá mú un lọ kí ìyá rẹ̀, Alhaja Falilat, ní àdúgbò Savanna. Alhaja ń se ọbẹ̀ lórí sítóòfù tuntun rẹ̀, irú èyí tí kì í yọ iná, tó jẹ́ pé agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló ń mú ìkòkò gbóná.

"Ìyàwó mi, bá mi ro ọbẹ̀ yìí kó má jóná."

Rasheedah sún sẹ́yìn. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ abọ́."

"Mo ní ọbẹ̀, o ń sọ abọ́." Alhaja fà á lọ́wọ́ lọ sídìí sítóòfù. Rasheedah já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

Alhaja tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ forí jì mí, Mọ́mì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ awọ àyà mi níbí. Pacemaker ni. Òun ló ń mú kí ọkàn mi máa lù dáadáa. Dókítà ní n má sún mọ́ irú sítóòfù yìí jù, n má sì dúró láàárín òpó tó ń ṣọ́ olè ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n má dí i lọ́wọ́."

Ara Abdulqoyyum tutù wálẹ̀. Alhaja pè é wọ yàrá.

"Qoyyum, ṣé ọkàn tó ń lo bátìrì lo fẹ́ gbé wọlé fún mi?"

Ó jáde lọ bá Rasheedah. Ó fi mọ́tò gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àdúgbò Cornerstone.

"O fi pamọ́ fún mi," ló ní.

"N ò fi pamọ́. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra, tí a wà lórí train, mo sọ fún ẹ pé ẹ̀rọ ló ń ran ọkàn mi lọ́wọ́. O rẹ́rìn-ín. O ní ohùn mi ni ẹ̀rọ tó ń ran tìẹ náà lọ́wọ́. Mi ò lè tún un sọ mọ́."

Abdulqoyyum rántí. Ó rántí pé ẹ̀rín òun pọ̀ débi tí àwọn èrò fi yíjú wo àwọn. Ọmọ ọlọ́mọ ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rẹ̀, òun rò pé eré ìfẹ́ ni. Ìtìjú bò ó.

"Ṣé ó máa ń dùn ẹ́?"

"Ẹ̀rọ yẹn ò dùn mí. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí."

"Ayọ̀ mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọjọ́ kejì, ó padà lọ bá ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, òun náà ni màá fẹ́." Alhaja ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló pe Rasheedah.

"Ṣé wàá lè bímọ?"

"Dókítà ní kò dí ọmọ bíbí lọ́wọ́, Mọ́mì. Ọlọ́hun ló ń fúnni."

Alhaja ní, "Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ ìdánilójú sọ̀yà fún èmi náà kí n tó bí Qoyyum."

Lọ́jọ́ nikkah ìgbéyàwó wọn, Alhaja na apá láti dì mọ́ ìyàwó, ló bá dúró gbagidi. Ojú gbogbo ènìyàn là sílẹ̀. Wọ́n rò pé ó ti yí ọkàn padà. Ó ki ọwọ́ bọ inú kọ́mú, ó yọ fóònù tó máa ń fi síbẹ̀, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Gbà á mú fún mi. Wọ́n ní kò yẹ kó sún mọ́ àyà ọmọ mi."

Ó wá dì mọ́ ọn gbágbágbá.