Ariwo Tí Etí Kò Gbọ́

Ọkùnrin kan tẹ̀ba sórí tábìlì, ó gbé bọ́ọ̀dù tí ṣíìpù wà lára rẹ̀ dání lọ́wọ́ òsì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ bọ́tìnì kan lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tí ọmọbìnrin kan ti kọ sínú ṣíìpù sì pa rẹ́. Bí ọmọbìnrin náà ṣe wọlé bá a nìyẹn. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó so awò kékeré kan mọ́ iwájú orí bíi ti àwọn tó ń tún aago ṣe. Ká ní kì í ṣe iṣẹ́ ibi tó ń ṣe lọ́wọ́ yẹn ni, ọmọbìnrin náà ì bá gbà pé ó rẹwà.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?"

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwọ lo kọ ọ́? Inú ṣíìpù kò gbà á. Èdè C yín yìí, àyè ló ń jẹ ṣáá. Asẹ́ńbìlì ló yẹ kí wọ́n fi kọ ọ́."

Ẹ wo ìwà! Kò kí i, kò sì tọrọ àforíjì. Bàbá ọmọbìnrin náà, tó ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún, ló gbà á síṣẹ́ láìsọ fún ọmọ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀. Àpótí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èyí tó ń mú kí ara ọmọ náà móoru. Ṣíìpù kékeré inú rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún iná, ló sì ń ké tí ooru bá pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ṣíìpù ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ náà. Nínú asẹ́ńbìlì, ẹyọ ẹyọ lèèyàn ń pàṣẹ fún ṣíìpù: gbé eléyìí, fi sọ́hùn-ún, ka ìyẹn. Ní ti C, èèyàn á kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpáílà tó jẹ́ atúmọ̀ á sì sọ ọ́ di ohun tó yé ṣíìpù.

"Oníkíá," ọkùnrin náà máa ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ C tètè ń parí, "ṣé o ti parí ni?"

"Mo ti parí láti àná. Bíìtì, ìwọ ńkọ́, ibo lo dé?" Bíìtì ni òun náà sọ ọ́, nítorí bíìtì ni ohun tó kéré jù nínú kọ̀ǹpútà.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé òǹkà kan láti ibì kan lọ síbòmíì ni."

Oníkíá á fẹ́ bínú, ẹ̀rín á sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Fáànù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, ọ̀dọ̀ Oníkíá ni Bíìtì sì máa ń kọjú ẹ̀ sí, òun fúnra rẹ̀ á wá máa làágùn. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn láìkan ilẹ̀kùn.

"Olólùfẹ́ mi," Bíìtì wí lọ́jọ́ kan.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ títí wàá fi gbà pé C dára."

"Ó dára díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀?"

"Ó dára, ó dára! Má lù mí."

Bàbá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí asẹ́ńbìlì lòun náà fi ṣiṣẹ́ nígbà tirẹ̀. Àsìkò yìí ni àgbà nọ́ọ̀sì kan wá láti ilé ìwòsàn tó fẹ́ ra àwọn àpótí náà. Kọ́ọ̀dù Oníkíá, ìyẹn àṣẹ tó fi C kọ, ló wà nínú èyí tí wọ́n gbé jáde. Bàbá mú kí ooru rẹ̀ pọ̀ jù. Iná pupa tàn, ṣùgbọ́n àpótí náà kò ké.

Bàbá rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ẹ má bínú, mà. Ọmọ mi ń fi ṣeré ni. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ nìyí, òun gan-an ni ẹnjiníà. Tí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó, ọkọ á máa ṣe é, ìyàwó á jókòó sí ọ́fíìsì."

Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn ni wọ́n ń pè ní aláṣeré lójú àlejò! Oníkíá wo Bíìtì. Bàtà ara rẹ̀ ni Bíìtì ń wò.

"O dákẹ́!" Oníkíá fi ohùn líle sọ ọ́ fún un ní ìta.

"Bàbá rẹ ni. Mo bẹ̀rù pé á ní kí n má fẹ́ ọ mọ́."

"Nítorí náà o tà mí kó o lè fẹ́ mi? Ìwọ tí ò ń bá mi jà lórí àyè bíńtín nínú ṣíìpù, o ò rí ọ̀rọ̀ kan sọ nígbà tí wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Oníkíá lọ wá ìdí tí àpótí náà kò fi ké. Kí àpótí tó lè ké, ṣíìpù gbọ́dọ̀ máa tan iná sí agbohùn, kó dúró díẹ̀, kó pa á, kó tún dúró. Ìdúró náà, òǹkà lásán ló fi kọ ọ́, tí ṣíìpù á kàn máa kà kí àkókò lè kọjá. Kọ̀ǹpáílà wò ó pé òǹkà yìí kò wúlò fún nǹkan kan, ló bá dà á nù! Ìyẹn ló mú kí agbohùn náà máa gbọ̀n kíákíá ju ohun tí etí èèyàn lè gbọ́. Ariwo wà, etí ni kò gbọ́ ọ. Asẹ́ńbìlì kì í da ohun tí èèyàn kọ nù, nítorí náà ìlà díẹ̀ nínú asẹ́ńbìlì ló fi tún ibẹ̀ ṣe. Ó dùn ún gan-an pé asẹ́ńbìlì ló gbà á.

Ṣùgbọ́n Bíìtì ni Bàbá ti gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún. Ó fi asẹ́ńbìlì kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Bó ṣe ń parí ẹ̀ ni ẹni tó ń ta ṣíìpù fún wọn sọ pé wọn kò ṣe irú ṣíìpù yẹn mọ́. Èdè ṣíìpù tuntun yàtọ̀, iṣẹ́ Bíìtì sì di òfo. Ní ti Oníkíá, kọ̀ǹpáílà ló túmọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ fún ṣíìpù tuntun, ibi díẹ̀ péré ló tún kọ, àpótí náà ṣiṣẹ́, ó sì gbé e sórí tábìlì láìwo ẹnikẹ́ni lójú.

Àgbà nọ́ọ̀sì padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí àpótí náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi di etí, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ rí iṣẹ́ àna mi!" ni Bàbá wí.

"Irọ́ ni, Bàbá," Bíìtì sọ. "Ẹ dárí jì mí. Tèmi kò wúlò mọ́, ọmọ yín ló ṣe èyí. Lọ́jọ́ tí ẹ ní ó ń ṣeré, mo mọ̀ pé kò ṣeré, mo kàn ń bẹ̀rù yín ni. Bàbá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín, kó sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ gbà?"

Oníkíá fọwọ́ gbá tábìlì. "Ta lò ń bi? Èmi lo fẹ́ fẹ́, èmi ni mo ni iṣẹ́, o wá kẹ̀yìn sí mi! Yíjú síbí!"

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀," ni àgbà nọ́ọ̀sì wí.

Bíìtì yíjú sí i. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Iṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Tìrẹ ni. Ẹni tó bá tún pè é ní eré, èmi ló máa kọ́kọ́ dá a lóhùn."

Oníkíá wo bàbá rẹ̀. Bàbá họ orí, ó wúkọ́. "Ojú àlejò ni mo ti sọ ọ́," ló wí, "ojú àlejò náà ni mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọmọ mi, kì í ṣe eré lò ń ṣe."

"Mo gbà," Oníkíá sọ fún Bíìtì. "Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀, olólùfẹ́ mi. Máa bínú lọ."

Bíìtì di ọwọ́ rẹ̀ mú, Oníkíá kò sì gbà á padà.