Alùpùpù Tó Ń Yà Sósì

Kí ọmọbìnrin náà tó rí ọkùnrin náà rárá, ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ó ń nu ọwọ́ lẹ́nu ọgbà mẹkáníìkì bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá rí i tí òun fúnra rẹ̀ ń sáré bọ̀ wá bá òun: ojú òun, àkísà ọwọ́ òun, girísì tó wà létí imú òun, gbogbo rẹ̀ ń tóbi sí i, ó sì ń gbọ̀n. Jígí ńlá kan ni. Wọ́n so ó mọ́ iwájú alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó ń gùn ún sì ń ké lẹ́yìn jígí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà. Èmi kọ́ ni mò ń yà. Òun ló ń yà."

Ọmọbìnrin yà. Alùpùpù náà wọ inú òkìtì táyà àlòkù, ó kú síbẹ̀. Jígí ò fọ́. Ọkùnrin kan yọ orí lókè jígí bí ìgbín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀."

"Ṣé ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀ ni, àbí ó kàn gbé yín wá?"

"Ó gbé mi wá ni. Ibi tí mò ń lọ, apá ọ̀tún ló wà."

Oníjígí ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gé jígí àti gíláàsì fèrèsé. Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé alùpùpù eré ìje ló fi ń kó o. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ àwọn tó ṣe alùpùpù ọ̀hún rí, orúkọ náà gan-an sì ti bó lára táǹkì, ó ku lẹ́tà méjì. Wọ́n ṣe é kó máa fò lórí iyanrìn, òun wá kan pákó mọ́ ọn níwájú. Ẹwà rẹ̀ ló rí tó fi rà á. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti tìtorí ẹwà gbé nǹkan wálé, tí nǹkan ọ̀hún wá ń gbé wọn yà kiri.

Tó bá ń sáré, á yà sósì. Tó bá wọ kòtò, táyà iwájú á mi orí bí ẹni tó ní òun ò gbà. Ó ti pẹ́ tí Oníjígí ti ń gùn ún báyẹn. Kò lè gbé e lọ fún mẹkáníìkì, torí gbogbo àdúgbò ló ti kìlọ̀ fún un pé kó má rà á. Ojú ń tì í. Kàkà kó gbà pé ọkọ̀ òun ń yà, ó kúkú kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi gbogbo ara dè é.

Ọmọbìnrin yìí ńkọ́? Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bóòtù, irin tí wọ́n fi ń de ẹ̀rọ, tó bá dógùn-ún, tí àwọn ọkùnrin fi òòlù lù títí tí wọ́n bínú, òun á fọwọ́ pẹ̀lẹ́ tú u. Àmọ́ bàbá rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ọ̀gá, kì í jẹ́ kó dá iṣẹ́ parí. Tí ọmọ bá ti ṣe é tán, Ọ̀gá á wá fi sípánà kan bóòtù tó ti le tẹ́lẹ̀, á ní, "Ó ti tán." Oníbàárà á dọ̀bálẹ̀ fún Ọ̀gá.

"Bàámi," ni ó wí lọ́jọ́ náà, "ẹ jẹ́ kí n dá eléyìí ṣe. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá yí alùpùpù náà po. Kò rí irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà. "Máa ṣe é," ó ní. "Tó bá rìn gbọọrọ lójú gbogbo èèyàn, màá kọ 'àti ọmọ rẹ̀ obìnrin' sára pátákó ọgbà yìí. Tí kò bá rìn, n ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mọ́."

Ó ku kí wọ́n ṣe é. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ na okùn láti táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú, lápá kan, lápá kejì, ó sì pe Oníjígí kó bẹ̀rẹ̀ wá wò ó.

"Ọ̀pá irin méjì ló so ọwọ́ ọkọ̀ mọ́ táyà. Ẹ wò ó, èyí gùn ju èyí lọ. Táyà kan ń lọ sọ́jà, èkejì ń lọ sílé àna."

"Ilé àna wo?"

"Mo fi ń ṣàpèjúwe ni."

"Èmi náà kàn béèrè ni."

Torí pé kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó ṣe alùpùpù náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀. Ó fi ayùn gé ọ̀pá kan láti ara ọkọ̀ mìíràn. Ṣọ́kì òsì, irin tó yẹ kó máa gba ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ kòtò, ti rẹ̀. Ó wá òmíràn, ó ń fún un, ó ń dẹ̀ ẹ́, títí táyà iwájú fi dákẹ́ orí mímì. Iṣẹ́ náà pẹ́. Ẹ bá mi bi Oníjígí bóyá ó fẹ́ kó yá. Ojoojúmọ́ ló ń wá "wo ọkọ̀." Ọ̀rọ̀ "ẹ" di "o" láàárín wọn, kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó yí padà. Bó bá ti dé, Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ á gbé àga tó ní apá lọ́wọ́ ọ̀tún fún un, á ní, "Jókòó síbí, ara á tù ẹ́." Oníjígí á sì máa rò ó lọ́kàn pé, irú ìtọ́jú wo rèé.

Lọ́jọ́ kan tí Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ lọ bu omi, ó bọ̀ ó bá Oníjígí tó na ìka sí táyà.

"Nọ́ọ̀tù yìí ti tú o. A ó tún un ṣe, yóò gba ọjọ́ díẹ̀ sí i."

"Ó tú lóòótọ́. Sípánà ló tú u. Sípánà ọ̀hún sì nìyẹn nínú àpò ṣòkòtò rẹ."

Ojú tì í dé ìpìlẹ̀. Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ gba sípánà, ó fún nọ́ọ̀tù náà padà, ó ní, "Tó o bá fẹ́ rí mi, ẹsẹ̀ ni kó o fi rìn wá, àyànfẹ́. Má tú mi níṣẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n máa gùn ún pé. Àwọn oníbàárà dúró, àwọn ará àdúgbò dúró, ìyá Oníjígí náà wá láti wo ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú oorun. Ọ̀gá, tó ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, ti jẹ́ kí wọ́n kọ pátákó náà sílẹ̀ láàárọ̀. ÀTI ỌMỌ RẸ̀ OBÌNRIN. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó fi ara ti ògiri lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà.

Oníjígí gùn ún. Ó tẹ̀ ẹ́. Alùpùpù náà gbọ́ràn sí i lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Gbọọrọ ni ìbá lọ, ṣùgbọ́n ó yà lọ́tùn-ún, ó tún yà lọ́tùn-ún, ó fẹ́sẹ̀ méjì wọ pátákó lọ, gbàgà. Nígbà tí Oníjígí dìde, OBÌNRIN ti tẹ̀ sí i láyà, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bojú. Ẹ̀rù ba Oníjígí, ojú tì í, kò sì ro ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́.

"Kò tún un ṣe," ni Oníjígí wí. "Ó tún wá bà á jẹ́ sí i ni."

Ẹ̀rín náà dá. Ọ̀gá na àtẹ́lẹwọ́, ọmọ rẹ̀ sì fi sípánà sí i. Láti ọjọ́ náà, ìdí agolo ọ́ìlì ni Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ń jókòó sí, ó ń bu ọ́ìlì fún àwọn tó ń bọ̀ wá rà á.

Oníjígí fi alùpùpù sílẹ̀ lọ́gbà, ó délé, ó dúró níwájú jígí tó gùn jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti fọ ọ̀dà àyà rẹ̀. Ó rí i pé jígí náà wọ́. Ó gbé igun kan sókè. Ó ṣì wọ́. Ó gbé igun kejì. Ó lọ mú okùn ìwọ̀n tó fi ń gbé fèrèsé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jígí náà dúró ṣánṣán. Èjìká òun ló dà sí ọ̀tún bí ìbẹ́pẹ tí èso rẹ̀ pọ̀ lápá kan. Alùpùpù tó ń yà sósì ti kọ́ ọ ní ìtẹ̀. Wọ́n tún alùpùpù ṣe, ẹnikẹ́ni ò tún ọlọ́kọ̀ ṣe.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ dára, òun sì ti bà á jẹ́ lójú ayé.

Ó yẹ kó dìde lọ lọ́jọ́ kejì. Kò lọ. Ìtìjú jókòó sí i nílé bí àlejò tó mú aṣọ ìpààrọ̀ wá. Lọ́jọ́ kan ó rí Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ lókèèrè lójú títì, ó sì yára gbé ẹrù ọwọ́ rẹ̀ bo ara. Gíláàsì fèrèsé ni. Gbogbo èèyàn ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ níbi tó sá pamọ́ sí. Ọmọbìnrin náà wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ.

"Mo gbọ́ pé o ti ń fi gíláàsì bora," ni ìyá Oníjígí wí fún un lálẹ́. "Ọmọ mi, ẹnu tó o fi bà á jẹ́ náà ni wàá fi tún un ṣe. Ẹnu mìíràn ò sí níbẹ̀."

Ó lọ nígbà tí ọgbà kún fún oníbàárà. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ọ́ìlì. "Ọ̀gá, iṣẹ́ ọmọ yín dára. Èmi ni mo wọ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Ọ̀gá mi orí. "Dìde. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. O fẹ́ yọ ọ́ nínú ìtìjú, o ṣeun. Ṣùgbọ́n mo fi ojú mi rí ohun tí mo rí."

Ẹ ò rí nǹkan. Ìgbà tó purọ́, wọ́n gbà á gbọ́. Ìgbà tó sòótọ́, wọ́n ní ìfẹ́ ni.

"Ẹ gùn ún fúnra yín, sà," ni Oníjígí wí.

Kò sẹ́ni tó rí Ọ̀gá lórí alùpùpù rí. Ìdúró ọkọ̀ ló mọ̀, kò mọ eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ti wà lára rẹ̀. Ó gbé ikùn sórí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Alùpùpù náà lọ gbọọrọ bí ìgbà tí wọ́n fa ìlà. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Ó jáde. Wọ́n retí kó yí padà, kò yí padà. Wọ́n ti ń sọ pé kí ẹnì kan tọ̀ ọ́ lọ, kó tó bọ̀, eruku bò ó, ó ń fi agbára pa ẹnu dé kí eyín rẹ̀ má baà hàn.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi sípánà sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan bóòtù kankan. "Ó ti tán," ni ó wí. "Ìwọ lo parí ẹ̀." Ó fúnra rẹ̀ lọ wá búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà.

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ kọjú sí Oníjígí. "Èmi náà ní ẹ̀bi. Mo rí i pé o máa ń tẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn. Mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́, ni mi ò ṣe sọ ọ́ rí."

Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Oníjígí ronú kan àga ọlọ́wọ́ kan ọ̀hún, etí rẹ̀ gbóná.

"Bí mo ṣe wọ́ yẹn náà lo ṣe fẹ́ràn mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ara tó wọ́ ò dùn mí. Ohun tó o sọ níṣojú Bàámi ló dùn mí. Ọkùnrin tó bá ṣubú tó wá na ìka sí mi, mi ò lè bá a gbélé."

"Mo gbọ́," ni ó wí. Kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Kò sí èyí tó yẹ.

Síbẹ̀ náà, Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ń mú un lọ sí pápá lọ́jọ́ ìsinmi, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó gbọọrọ. "Gbé èjìká. Kì í ṣe èyíinì, èkejì." Ó ń sá tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bú u, ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń rántí pé òun ń bínú.

Lọ́jọ́ kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù ló kún pápá náà. Oníjígí ń lọ dáadáa, ó wo ẹ̀yìn bóyá ọmọbìnrin náà ń wo òun, ó sì ṣubú sínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo wọn. Wọ́n sáré bọ̀.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ yẹn?" ni ọ̀kan wí. "Ta ló bá ẹ tún un ṣe?"

Ẹrẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tu ú dànù. "Ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ọmọbìnrin tó ń bọ̀ yẹn ló tún un ṣe, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Èmi ni mi ò tíì mọ̀ ọ́n gùn."

Ọwọ́ Ẹ̀rọ̀ ti dé. Ó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú bóòtù tó dógùn-ún.

"Sọ fún Màámi nílé yín kí wọ́n wá rí Bàámi," ni ó wí.

Oníjígí wò ó láti ilẹ̀. "Nígbà wo?"

"Kọ́kọ́ dìde ná, olówó orí mi."