Ègé Ohùn Tó Ṣáájú Ẹnu

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Onímọ̀ ẹ̀rọ gbọ́ ọ kedere nínú agbọ́hùn tó fi bo etí, bẹ́ẹ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní pípadé lójú kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí obìnrin náà tó fọwọ́ bo ẹnu, tó sì wúkọ́.

"Àwòrán ló ń pẹ́," ló sọ fún ara rẹ̀.

Olórí ẹgbẹ́ akọrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí. Láti ìgbà tó ti ṣubú ní balùwẹ̀ tó sì forí gbálẹ̀, dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dá dìde lórí àga láìsí ẹni tí yóò dì í mú, pé ìṣubú kejì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ìdí nìyí tí àbúrò fi ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan, kí ó lè máa bá ẹgbẹ́ kọrin láti ilé. Ṣùgbọ́n ohùn ń já, orin ń fọ́.

UDP ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí ohùn náà ń gbà. Ó yára, àmọ́ kò ní sùúrù: ó ń ju ohùn ní ègé ègé bí ẹni ń ju ẹrù sẹ́yìn odi, kì í dúró bèèrè bóyá ẹnì kan hán an. Ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láti àárọ̀ ni onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń wá èyí tó sọnù, kò sì sí èyí tó sọnù. Àwọn kan ló ń dé ṣáájú àkókò wọn. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ègé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ránṣẹ́, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ti gúnlẹ̀ síbí.

Kì í ṣe ẹni tó gba iwin gbọ́. Wáyà tó já ló gbà gbọ́. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Pàbó ló já sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n o ń já bí òwú tó gbó. O ò tíì jẹun, àbí? Ẹ̀rọ yẹn ò ní sá lọ o."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìdí ẹ̀ ná."

"Ìdí ẹ̀ ni pé o lágídí. Ọmọ mi ti lọ ra oògùn. Màá máa fi orin ṣeré títí yóò fi dé."

Àbúrò kó àwọn ègé tó ń ṣáájú jọ, ó tò wọ́n bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, ó sì tẹ́tí sí wọn. Orin ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, gbà, gbà, gbà. Orin dúró. "Ta nìyẹn? Mò ń bọ̀." Àga wọ́ nílẹ̀. Nǹkan wúwo ṣubú, gbì. Àwọn ègé tó kù ń wọlé, kò sí nǹkan nínú wọn bí kò ṣe ariwo fáànù, títí nọ́ńbà fi tán.

Ó pariwo sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò dé ọ̀hún mọ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì jókòó, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tún gèlè ṣe. Ó pè é lórí fóònù, fóònù ń dún láìsí ẹni tó gbé e. Òpònú wo ló fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn aláìsàn? Òpópónà mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Bí òun bá lè ṣáájú ẹni náà dé ibẹ̀, òun yóò lé e padà. Ó bẹ́ síta, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ kan já sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹnu ọ̀nà dá páropáro. Kò sí àlejò kankan níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ó gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kọrin nínú yàrá, láàyè, láìfarapa, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dúpẹ́ pé òun lòun kọ́kọ́ dé. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta.

Orin dúró.

"Ta nìyẹn?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti inú ilé. "Mò ń bọ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ó la ẹnu láti ní kó jókòó, ṣùgbọ́n eré tó sá ti gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀.