Ìbọn Mẹ́jọ Lábẹ́ Àpò Ìrẹsì

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Crisanto, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá ológun, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àbúrò ìyàwó rẹ̀ mọ́ àhámọ́ fún ìbọn tí ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ jí.

"Ligaya, ìdílé olè ni wọ́n ti fẹ́ ọ wá!" Remedios ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ìyàwó Crisanto, ẹ̀gbọ́n Crisanto ni, ìyàwó Méjọ̀ Nestor. Kò fẹ́ràn Ligaya rí, nítorí pé ọmọ apẹja ni. Òun ló ju ìbọn kan sínú àpótí Sájẹ́ǹtì Delfin, àbúrò Ligaya. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹ má baà máa wá a kiri.

"Àǹtí, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Delfin kò jalè rí!"

"Ta ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èmi ni?"

Ligaya kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Luz, ìyá wa ń kú lọ. Jẹ́ kí Delfin lọ rí i, kódà kó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀!"

"Láyé àtijọ́, okùn ni ẹni tó bá wà nípò mi ń gbé kiri. Igi tó bá kọ́kọ́ rí ló ń so olè kọ́. Kì í wojú ẹbí. Èmi náà ò ní wò ó."

Ọ̀rọ̀ dídùn lásán! Ojú ẹbí tirẹ̀ ńkọ́?

Remedios pe ìyá Ligaya lórí fóònù ní ìlú Batangas. "Ìyá, olè lẹ bí o! Kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló mú un!"

Ligaya lọ búra fún ìyá rẹ̀ títí, omijé bò ó lójú. Ìyá ní, "Ọkọ rẹ kì í mú aláìṣẹ̀." Lọ́jọ́ kẹta, ó kú. Crisanto kò jẹ́ kí Delfin lọ síbi ìsìnkú.

Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Ọ̀sẹ̀ kejì, Kọ́púrà kan dá jíìpù Nestor dúró lẹ́nu géètì bárékè.

"Kọ́púrà lásán-làsàn! Ó yá, mú mi!" Nestor ń rẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, Kọ́púrà kì í mú Méjọ̀. Ọ̀nà tí ìbọn ti ń gbà jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò ṣí géètì. Ó ránṣẹ́ sí Crisanto.

Nígbà tí Crisanto dé, Remedios jókòó lórí àpò ìrẹsì lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́! Mi ò dìde!"

"Mo ní ẹ dìde!"

Ìbọn mẹ́jọ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tọkọtìyàwó náà ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n sì já oyè Méjọ̀ kúrò léjìká Nestor lójú gbogbo ọmọ ogun.

Crisanto fúnra rẹ̀ ṣí àhámọ́. "Delfin, dárí jì mí." Delfin kò tiẹ̀ wò ó. Ligaya ló kọjú sí.

"Àǹtí mi, nígbà tí àlùfáà ń pe orúkọ àwọn ọmọ Ìyá níbi ibojì, ṣé ó pe tèmi?"

Ligaya bú sẹ́kún. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ti sọ pé kí wọ́n má pè é.