Ẹsẹ̀ Olùkọ́ Ijó

"Ṣé pé títí di òní, ẹ ṣì ń kó fáìlì wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Ọmọbìnrin náà kò tíì jókòó tó fi sọ ọ́. Ẹ̀yìn àga Ìyá Fáìlì, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù náà, ló dúró sí, ó ń wo bí obìnrin àgbà náà ṣe ń tẹ bọ́tìnì kan, tó ń dúró, tó tún ń tẹ òmíràn.

"Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, ọmọ mi," Ìyá Fáìlì dáhùn láìwẹ̀yìn. "Bí mo bá gbé ọ̀kan wọlé, mo máa ń ṣí i wò kí n tó gbé òmíràn."

"Ìgbà wo lẹ máa wá parí ẹ̀? Nígbà tí èmi náà bá di ìyá àgbà?" Ó pòṣé, ó lọ jókòó.

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní kíláàsì wọn, òun ló máa ń gba máàkì tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọpọlọ làwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é. Àwọn tí ọmọbìnrin náà ti bú rí, ìyẹn gbogbo wọn, yí ohùn orúkọ náà pa dà díẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó mọ̀. Lójú tirẹ̀, ìlara ni.

Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ló gbé e dé ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Àǹtí. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni Àǹtí ń ṣe. Yàrá ńlá kan ni, ní òdìkejì ilé ìwòsàn, tó ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti ike tí iná ti mú rọ̀. Wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ ara ògiri láti orí èyí tó kéré bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn títí dé ti géńdé. Bí ẹnì kan bá wá, Àǹtí á mú ẹ̀rọ kan tó dà bíi tọ́ọ̀ṣì, á fi yí ẹsẹ̀ onítọ̀hún ká, àwòrán ẹsẹ̀ náà á sì hàn nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo kọ́lọ́fín rẹ̀. Fáìlì ẹni náà nìyẹn. Ohun tó bá wà nínú fáìlì yẹn ni Àǹtí máa gbẹ́.

Fáìlì ọ̀hún ti wá pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ti ń fà bí ìgbín. Àǹtí fẹ́ kó gbogbo wọn sínú dátábéèsì kan, àká ńlá kan tí wọ́n á ti lè máa ṣí wọn láti ṣọ́ọ̀bù àti láti ilé ìwòsàn. Ìwé onílà kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan sí. Iwájú orúkọ náà ni wọ́n kọ ibi tí fáìlì rẹ̀ wà sí.

"Máàkírò lèèyàn máa fi ṣe èyí," ọmọbìnrin náà sọ nígbà tí Àǹtí wọlé. "Kóòdù ni. Èèyàn á kọ ọ́ sínú ìwé onílà yẹn, á tẹ bọ́tìnì kan péré. Òun fúnra ẹ̀ lá máa ka orúkọ lọ láti ìlà dé ìlà, lá máa mú fáìlì, lá máa kó o sínú dátábéèsì. Kò níí gbà ju àkókò tí wọ́n fi ń sun omi tíì lọ."

"O mọ̀ ọ́n kọ?"

"Àǹtí! Ta lẹ̀ ń bi?"

Kò kọ ọ́ rí láyé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ ijó wá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti lọ tipẹ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ògbólógbòó kan, tó rí gbọọrọ bí ẹsẹ̀ tábìlì, ló fi ń rìn. Ní báyìí, egbò kan tó kọ̀ tí kò jinná ti ba ẹsẹ̀ ọ̀tún náà jẹ́, àwọn dókítà sì ti dá ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ láti gé e.

"Ẹ yà á dáadáa o," ó sọ fún Àǹtí, bó ṣe na ẹsẹ̀ náà sórí àpótí. Iṣan ẹ̀ kún, ó dán, ó le. Ìsàlẹ̀ níbi ọrùn ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi báńdéèjì wé. "Ẹsẹ̀ yìí ti jó kọjá ohun tí ẹnu lè sọ."

"Màá fi í ṣe méjèèjì ni," ni Àǹtí dáhùn. "Ọ̀tún yìí, màá yí i sódì nínú kọ̀ǹpútà, á di òsì. Ẹsẹ̀ ara yín lẹ máa tún fi dúró."

Obìnrin náà fi ọwọ́ nu ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n gbà á lẹ́nu yín."

Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. Ó ti rí kóòdù rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń dà á kọ. Ẹni tó kọ kóòdù náà ṣàlàyé gígùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó fò ó. Àlàyé wà fún àwọn olórí kíkú.

"Fi èèyàn mélòó kan dán an wò ná," Àǹtí kìlọ̀ kó tó máa lọ sílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. "Kí o wá sódìkejì, kí o ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà tibẹ̀. Má sì pa nǹkan kan rẹ́ títí màá fi fojú ara mi rí i. Ṣé o gbọ́?"

"Mo ti gbọ́, Mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó kàn kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ẹ̀rọ ń bà lẹ́rù ni. Ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọ dátábéèsì. Ó tẹ orúkọ kan, ẹsẹ̀ yọ. Ó tẹ òmíràn, ẹsẹ̀ tún yọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀yin olórí òfìfo ò lè ṣe."

Títì kan péré ló wà láàárín rẹ̀ àti kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n oòrùn mú. Kí ló tún fẹ́ lọ wò? Ó pa gbogbo fáìlì àtijọ́ rẹ́, ó tún da agbọ̀n ìdọ̀tí kọ̀ǹpútà náà nù kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Nígbà tí àyè ṣí, tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù sì yára, ó fi fíìmù kún un dẹ́nu.

Ọjọ́rú ni Ìyá Fáìlì pè é.

"Ọmọ mi, wá bá mi wo èyí. Ti olùkọ́ ijó ò ṣí."

Ó wá, ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Ó tẹ ti ẹlòmíràn. Kò ṣí. Ó pa dà sí orí fóònù rẹ̀, ó wá ojú ewé tó ti da kóòdù kọ, ó sì ka àlàyé tó fò. Ó yé ọmọdé: kóòdù yìí kì í kó fáìlì. Ibi tí fáìlì wà nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Bí fáìlì bá kúrò níbẹ̀, kò sí nǹkan kan mọ́. Àwọn ẹsẹ̀ tó ń yọ lọ́jọ́sí, láti ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ. Àdírẹ́sì ló kó sínú dátábéèsì, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé.

Ọjọ́rú ni o. Ẹsẹ̀ olùkọ́ ijó ṣì wà lára rẹ̀. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òdìkejì títì, níbi tí Àǹtí lè mú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ kí ó tún un yà. Gbólóhùn kan ló kù: mo ti bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n Ìyá Fáìlì ló dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Fáìlì tó ń ṣí i wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan!

"Kí ló dé?" obìnrin náà bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i ni. Ẹ fi sílẹ̀, màá wò ó."

Ìyá Fáìlì wò ó díẹ̀, ó pa dà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá gbogbo ọgbọ́n tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi gba fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ pa dà. Kò rí ìkankan gbà: fíìmù rẹ̀ ti gba ojú ibi tí wọ́n wà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, kò wá. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wá, ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ilé ìwòsàn. Kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ní ọjọ́ Ajé, Àǹtí jókòó, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹsẹ̀. Ó tẹ orúkọ. Ó tún un tẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà yẹn ló ti gbó," ọmọbìnrin náà sọ.

"Kò ṣí fún èmi náà ní Ọjọ́rú," Ìyá Fáìlì sọ. "Mo pè é, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n ṣí ni."

Àǹtí yí àga rẹ̀ pa dà. "Ọjọ́rú?"

Ọmọbìnrin náà wolẹ̀.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. O mọ̀ ní Ọjọ́rú?"

"Mo rò pé mo lè tún un ṣe, Mà."

Àǹtí kò lù ú, kò bú u. Ó rí fíìmù kan lójú kọ̀ǹpútà náà, ó ka orúkọ rẹ̀ sókè, ó wá dìde. "Wọ bàtà ẹ. Ìwọ ló máa fẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún un."

Olùkọ́ ijó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí nígbà tí wọ́n wọlé. Aṣọ ìbora tó bò ó rí pelebẹ láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́, ó ń kólòlò, ó ń fa kóòdù wọ̀ ọ́, ó ń fa kọ̀ǹpútà wọ̀ ọ́, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́rú, Mà."

"Mo wà níbí ní Ọjọ́rú. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ojú fèrèsé yẹn." Obìnrin náà tọ́ka sí fèrèsé náà. "Kí ló dé tí o ò wá?"

"Ojú ń tì mí níwájú Ìyá Fáìlì, Mà."

"Ojú ń tì ẹ́." Ó tún un sọ bí ẹni tó tọ́ nǹkan kíkan wò. "Nítorí kí ojú má baà tì ẹ́ níwájú akọ̀wé."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ bá mi jà, ẹ lù mí."

"Dìde nílẹ̀. Mi ò ní bá ẹ jà. Ẹni tí mo bá kà sí ni mo máa ń bá jà." Ó kọjú sí ògiri.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọbìnrin náà, òun ló ń fojú pa ẹlòmíràn rẹ́. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n pa rẹ́.

Àǹtí ní ẹ̀dà àwọn fáìlì tó ti pẹ́ níbòmíràn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya tiwọn ni wọ́n ní láti pa dà wá, ọmọbìnrin náà ló sì pè wọ́n lórí fóònù, tó sọ ohun tó ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan bú u. Bàbá kan tó ń gbé ọ̀nà jíjìn kàn rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù mọ́ ọn létí. Nígbà tó bẹ Àǹtí pé kó jẹ́ kí òun kọ máàkírò tó dára, èyí tí á ṣí fáìlì, tí á sì kó ohun inú rẹ̀ gan-an sínú dátábéèsì, Àǹtí mi orí.

"Kì í ṣe kóòdù lo ò mọ̀," ó ní. "Máa lọ sílé."

Ẹsẹ̀ tí Àǹtí ṣe fún olùkọ́ ijó dára, ó sì fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ara àpẹẹrẹ tí wọ́n fi ń ṣe ti gbogbo èèyàn ló ti gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó wo iṣan méjèèjì nínú dígí títí, ó bèèrè pé, "Ẹsẹ̀ ta nìyí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹ má ṣe sọ pé máàkírò ló fa èyí. Àṣìṣe kò yọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, fáìlì sì lè sọnù lọ́wọ́ ọ̀gá pàápàá. Ohun tó bá olùkọ́ ijó ni ìdákẹ́jẹ́ láti Ọjọ́rú sí ọjọ́ Ẹtì, ìgbéraga lásán ló sì bí i. Bí o bá ba nǹkan jẹ́, sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe, kí o sọ ọ́ fún ẹni tó bá wà nítòsí, ì báà jẹ́ ẹni tí o kà sí òpè. Ìtìjú rẹ máa kọjá. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kì í hù pa dà.