Ìṣó Tó Kù Lára Táǹkì Súbérù

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Kàsímù Ògúnsànyà bá Wòsílátù sọ kò dùn létí rárá.

"Arábìnrin, ẹ kúrò lọ́nà, kí irin má gé yín lẹ́sẹ̀."

Kò kí i, kò wojú rẹ̀. Páànù irin ńlá wà lórí rẹ̀, òógùn bò ó. Wòsílátù fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ṣé àwọn ará Ìkòròdú kì í kí èèyàn ni?"

Ọkùnrin náà sọ irin kalẹ̀, ó nàró, ó sì rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ń kí èèyàn. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀ ná. Ẹ kú ilé o."

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Wòsílátù, ọmọ Súbérù.

Ọdún 1954 nìyẹn, ní Ẹ̀pẹ́. Omi kànga ilé Súbérù níyọ̀ lẹ́nu, Súbérù sì jẹ́ oníṣòwò tí kì í fẹ́ kí àlejò yínmú sí omi òun. Ó ránṣẹ́ sí Kàsímù, alágbẹ̀dẹ Ìkòròdú, pé kó wá kan táǹkì tí yóò máa gba omi òjò láti orí òrùlé. Táǹkì epo pupa kan tó ti gbó ni Kàsímù tú palẹ̀, ó fi ọkọ̀ ojú omi kó páànù rẹ̀ wá. Òórùn epo kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá ki ìṣó olórí róbótó bọ ihò, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú táǹkì, kó fi irin wúwo ti ìdí ìṣó náà, kí ẹni tó wà níta tó lè fi ọmọ owú lù ú pẹlẹbẹ. Wàhábì, ìkejì Kàsímù, ló máa ń wọ inú. Ṣùgbọ́n ibà dá Wàhábì dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, Súbérù sì ti lọ sí ọjà Ejìnrìn. Kó tó lọ, ó ní òun fẹ́ bá táǹkì ní píparí.

"Ẹ̀yin ẹ wọlé, Bọ̀ọ̀dá," ni Wòsílátù wí. "Ẹ wá ẹlòmíì tí á máa lù ú."

Ojú Kàsímù yí padà. "Mi ò lè wọ̀ ọ́."

"Ẹ ń kan táǹkì, ẹ ò lè wọ táǹkì? Irú èwo nìyẹn?"

"Mo ti wọ ọ̀kan rí. Táǹkì ogun, nígbà tí mo jẹ́ sójà ní Bọ́mà." Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹrẹ̀ ló mú un, wọ́n ní kí á lọ yọ ọ́. Inú rẹ̀ ni mo wà tí bọ́ǹbù fi da òkè lé e lórí. Ọjọ́ méjì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi lò nínú irin yẹn. Èmi nìkan ló jáde. Látìgbà náà, tí n bá ti ki orí bọ ibi tó pa dé, èémí mi á dá."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Wòsílátù. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó so ó le.

"Ó dáa. Èmi á wọ̀ ọ́."

Ìyá Àgbà Fàlílátù, ìyá tó bí Súbérù, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀súbáà. "Mi ò rí nǹkan kan o," ni màmá wí. "Ojú mi ò ríran mọ́." Ojú kan náà tó ń ṣa egungun ẹja nínú ọbẹ̀!

Inú táǹkì ṣókùnkùn, ó sì gbóná. Ẹnu táǹkì lókè kéré, ihò ìṣó ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé jù. Wọ́n fi àmì síra wọn. Bí Wòsílátù bá kan irin lẹ́ẹ̀kan, ó ti dì í mú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì, kó dúró. Bí wọ́n ti ń lù ú ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ láti ẹnu ihò. Wòsílátù bi Kàsímù léèrè ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè Bọ́mà. Òun náà sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un, pé ẹ̀rù ilé baba òun ń ba òun, nítorí kò sí ẹni tó ń bi òun ní ohun tí òun fẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣó kọ̀ọ̀kan ń dí ihò kan, ìmọ́lẹ̀ sì ń dín kù. Nígbà tó di ọjọ́ keje, ihò kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Wòsílátù dì í mú, ó kan irin lẹ́ẹ̀kan. Kàsímù kò lu nǹkan kan.

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá lu eléyìí, mo ti parí nìyẹn. Màá kó irinṣẹ́ mi lọ sí Ìkòròdú." Ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ihò náà. "Wòsílátù, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò fẹ́ lù ú."

Wòsílátù náà fẹnu sún mọ́ ihò. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín, Kàsímù mi. Ẹ má lù ú."

"Àsàláámù àlékùn!" Ohùn Súbérù nìyẹn lẹ́nu géètì. Ọjà Ejìnrìn ti tú.

"Kàsímù! O ò tíì parí? Ṣe kíá o. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yìgì ọmọ mi, àlejò á sì mumi. Mo ti fi Wòsílátù fún Tàjùdéèn, ọ̀rẹ́ mi ní Ejìnrìn. Ìyàwó kẹrin ni. Ẹ̀há ló ń wọ̀ lọ, tó bá ti wọlé yẹn, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé e lọ sàréè."

Pẹ̀lú gbogbo ooru inú táǹkì, òtútù mú Wòsílátù. Ó fọwọ́ tẹ ògiri irin. Bó bá jáde nínú èyí, òmíràn ló ń dúró dè é, ìyẹn kò sì ní ihò kankan.

"Lu ìṣó yẹn kí n rí i," ni Súbérù wí.

"Bàbá, Wàhábì ń ṣàìsàn."

"Ta ló wá ń di irin mú nínú?"

Kàsímù ń yí ọmọ owú lọ́wọ́. Wòsílátù mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, Kàsímù á purọ́, irọ́ náà á sì gbé wọn dé ọjọ́ Jímọ̀ láìséwu. Ọjọ́ Jímọ̀ gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

"Èmi ni, Bàbá. Mi ò fẹ́ Tàjùdéèn. Kàsímù ni mo fẹ́."

"Subuhánáláhì! Ọmọ mi! Alágbẹ̀dẹ! Sójà! Àwa tí baba ńlá wa bá ọba kó wá láti Èkó!" Súbérù gun àkàsọ̀ bí ọmọ ogún ọdún, ó fa ọmọrí irin dé ẹnu táǹkì gbàgà. "Ẹ̀há rẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó o bá gba Tàjùdéèn ni màá ṣí i."

Kàsímù fi ọmọ owú sílẹ̀. "Bàbá, mi ò ní í fi agídí yọ ọmọ yín, kí ẹ má pè mí lólè. Ṣùgbọ́n kò ní í dá wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Súbérù bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti rí i pé ọkùnrin yìí kì í wọ táǹkì. "Wọlé ká rí i, sójà tó ń bẹ̀rù agolo!"

Wòsílátù gbọ́ tí àkàsọ̀ ń gbọ̀n. Ọmọrí ṣí, ẹsẹ̀ méjì yọ, Kàsímù já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí Súbérù, ó tún dé e.

Kàsímù ń mí bí ẹja tí wọ́n jù sórí iyanrìn. Wòsílátù di orí rẹ̀ mú, ó gbé ojú rẹ̀ sẹ́nu ihò tó kù. Kò rántí láti fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

"Ìta nìyẹn, ọkọ mi. Wò ó. Mí. Èmi nìyí, mi ò lọ síbì kankan."

"Má fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fi ọ́ sílẹ̀."

Níta, Ìyá Àgbà ti dìde. "Súbérù! Ta ló ti ọkùnrin àti obìnrin mọ́ ojú kan?"

"Ìyá, ẹ ò mọ ohun tó..."

"Mo ní ta ni!"

"Èmi ni, Ìyá."

"O gbọ́ ẹnu ara rẹ? Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wá fún bàbá rẹ, ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn, wọ́n tì wá mọ́lé, wọ́n sì lọ. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ fa Wòsílátù lé Kàsímù lọ́wọ́. Àwọn ará ilé kejì ń wò ọ́ lórí ògiri. Máa lọ sí Ejìnrìn, lọ sọ fún Tàjùdéèn ibi tí ìyàwó rẹ̀ wà àti ẹni tó dé ọmọrí."

Súbérù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Wọ́n gbọ́ tó ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀. Ó pẹ́ gan-an, irin gbóná mọ́ wọn lẹ́yìn, Kàsímù kò sì gbé ojú kúrò nínú ihò. Nígbà tó yá, ọmọrí ṣí.

"Wòsílátù, jáde." Ohùn baba rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Yìgì ọjọ́ Jímọ̀ kò yẹ̀. Ọkọ ló yí padà."

Wòsílátù jáde, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí Kàsímù, ṣùgbọ́n Kàsímù kò tíì jáde.

"Ìṣó kan ṣì kù," ni Súbérù ráhùn. "Ṣé kí omi máa jò lójú àlejò mi ni?"

"Èmi á dì í mú," ni Kàsímù wí láti inú lọ́hùn-ún. "Wòsí, mú ọmọ owú."

Súbérù fúnra rẹ̀ ló ki ìṣó bọ ihò náà. Ihò tí Kàsímù fi ń mí dí pátápátá. Gbogbo wọn dúró, Ìyá Àgbà gan-an dáwọ́ tẹ̀súbáà dúró.

Kàsímù kan irin lẹ́ẹ̀kan. Wòsílátù gbé ọmọ owú sókè, ó sì lù ú.