Plena tí Mo Kọ Mọ́ Don Eliseo

"Ìwọ lo rí i, ìwọ ni kó kọ ọ́ lórin," ni Nahir ọ̀rẹ́ mi wí, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. "Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ ni?"

Ẹ̀rù kẹ̀? Èmi Yarelis, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ẹnu mi mú bí abẹ! Ojú mi ló ṣe nígbà tí Don Eliseo, bàbá tó ń ta yìnyín dídùn ní ìkóríta wa ní ìlú Ponce, gbé pandero bàbá mi àgbà jáde láti ẹ̀yìnkùlé wa. Wọ́n tilẹ̀ fi aṣọ bò ó. Ìlù pẹlẹbẹ yẹn nìkan ni olóògbé fi sílẹ̀ fún wa.

Orin plena ni ìwé ìròyìn àdúgbò wa. Ẹni tó ṣègbéyàwó, ìjì tó ṣí òrùlé, gbogbo rẹ̀ là ń kọ lórin, tí a sì ń jó o. Ní ọ̀sán Sátidé, mo bọ́ sáàárín agbo ijó, mo dá orin:

"Ta ló jí pandero olóògbé?"

Mo kọ́ agbo ní ègbè rẹ̀: "Eliseo ni, ẹ bi í léèrè!"

Ẹ̀rín sọ, ijó gbóná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé ti ń kọ ọ́ níwájú Don Eliseo. Ni Don Eliseo bá ti kẹ̀kẹ́ yìnyín wọn lọ sílé.

Ìyá mi àgbà gbọ́ orin náà lójú fèrèsé.

"Yarelis, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e. Awọ rẹ̀ ya, wọ́n ń bá wa tún un ṣe. Ọjọ́ ìbí rẹ la fẹ́ gbé e fún ọ."

Ojú tì mí. "Màmá, màá lọ bẹ̀ wọ́n nílé."

"Ṣé ilé lo ti kọrin ni? Orin rẹ ní kí wọ́n bi í léèrè. Ta ló bi í? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ibi tó ti fọ́ ni kí o lọ."

Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni a kò rí Don Eliseo ní ìkóríta. Mi ò lè jẹun dáadáa. Nígbà tí Sátidé dé, bí mo ṣe fẹ́ wọ agbo, Nahir fà mí lápá.

"Má ṣe ara ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbàgbé."

"Don Eliseo ò ní gbàgbé."

Mo wọ agbo. Mo dá orin:

"Ta ló purọ́ mọ́ ẹni rere?"

Kò sẹ́ni tó gbè é. Èmi fúnra mi dáhùn: "Yarelis ni, ẹ bi í léèrè!" Mo tún un dá. Ohùn gbígbòòrò kan sì gbè é lẹ́yìn mi. Don Eliseo ni, pandero bàbá mi àgbà tí wọ́n ti tún ṣe wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń lù ú. Ni gbogbo agbo bá gbà á.

"Ohùn rẹ dáa," ni Don Eliseo wí nígbà tí orin parí. "Sùúrù ló kù. Gbà, ìlù rẹ rèé."

Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí ọkàn mi fúyẹ́. Wọ́n padà sídìí yìnyín wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, èmi ni mo sì kọ́kọ́ rà á.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí ojú rí lè máà ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ kọ plena nípa ẹnìkan, ilẹ̀kùn onítọ̀hún ni mo kọ́kọ́ ń lọ kàn.